Àyẹ̀wò Ọ̀rá inú Ẹ̀jẹ̀: Bí A Ṣe Ń Múra fún Un àti Bí A Ṣe Ń Ka Àbájáde Rẹ̀

Bí ènìyàn bá gba ìwé àbájáde lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ máa ń lọ bá ni àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Bí nọ́ńbà náà kò bá tó 200, yóò dúpẹ́, yóò sì ká ìwé náà sínú àpótí. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ yóò já. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí kò tó láti sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àlàyé yìí wà fún àwọn olùgbé Ajílété, Owódé, Ìlaròó, Ayétòrò àti gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n lè mọ ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá, bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún un, bí a ṣe ń ka àbájáde rẹ̀, àti ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi dókítà.

Kí ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù?

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ́ oríṣi ọ̀rá kan tí ara kò lè ṣe aláìní. Ó wà lára ohun tí ara fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, ó wà lára ohun tí ara fi ń pèsè àwọn họ́mọ̀nù kan, òróòro àti fítámì D. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ni olórí ibi tí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ìyókù ń wá láti inú ẹran, ẹyin, wàrà àti àwọn oúnjẹ mìíràn tó ti ara ẹranko wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè nípa epo pupa. Ara igi ni epo pupa ti wá, nítorí náà kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ṣeé kà sí. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń dì bí òtútù bá mú, irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i bí a bá ń jẹ ẹ́ ní àjẹjù. Nítorí náà, ìwọ̀n ni kókó. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi epo se ọbẹ̀ mọ́.

Àwọn ẹyọ tó ń gbé ọ̀rá kiri

Epo àti omi kì í pò. Omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ara máa ń di ọ̀rá sínú àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi purotéènì bò, kí wọ́n lè bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Lipoprotein ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Nínú àlàyé yìí, ẹyọ ọ̀rá ni a ó máa pè wọ́n.

Ẹ wo ọ̀nà tó ti Owódé gba Ajílété lọ sí Ìdírókò. Bí a bá fẹ́ gbé ọgọ́rùn-ún àpò ẹrù gba ọ̀nà náà kọjá, a lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀, a sì lè fi ọ̀kadà púpọ̀ gbé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹrù kan náà ni, ṣùgbọ́n iye ohun ìrìnnà tó wà lójú ọ̀nà kò dọ́gba, ìjàǹbá tó lè ṣẹlẹ̀ kò sì dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rí. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ẹrù. Ẹyọ ọ̀rá ni ohun ìrìnnà. Iye ẹyọ tó ń kọ lu ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń fa ìpalára jù.

Àwọn ẹyọ tó ṣe pàtàkì nìyí:

VLDL. Ẹ̀dọ̀ ló ń rán an jáde. Triglyceride, irú ọ̀rá tí ara ń sun fún agbára, ni ẹrù tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

LDL. Òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, yóò máa wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, yóò sì máa kó jọ síbẹ̀.

HDL. Òun ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù padà sí ẹ̀dọ̀. Bí ó bá kéré jù, àmì ìkìlọ̀ ni.

Lp(a). Ó jọ LDL, ṣùgbọ́n ó ní purotéènì mìíràn tí a so mọ́ ọn. Kåre Berg, onímọ̀ ará Nọ́wè, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1963.

Ìdí tí àyẹ̀wò fi pọn dandan

Ọ̀rá tó ń kó jọ sínú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í fa ìrora, kì í fa ibà, kì í sì í dí oúnjẹ lọ́wọ́. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìjẹ́ pé ẹni tó ní in mọ̀. Lọ́jọ́ tí ojú ibẹ̀ bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á sì dí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣan tó ń bọ́ ọkàn, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ nínú iṣan tó lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ni yóò yọrí sí.

Nígbà tí ẹni tó jí dáadáa láàárọ̀ bá ṣubú lóko tàbí lọ́jà, ìrònú àkọ́kọ́ nínú ẹbí sábà máa ń jẹ́ pé ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Ọ̀fọ̀ ńlá ni, a kò sì ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá, tó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n, ohun tó yẹ kí àwọn tó kù nínú ẹbí kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ìwádìí tí a mọ̀ sí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ aṣáájú rẹ̀, wáyé ní àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà àti Gánà láàárín ọdún 2014 sí 2017. Abẹ́òkúta wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fi ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù wé iye kan náà tí kò kọlù. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe ipò kìíní nínú àwọn ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò wà ní ìwọ̀n sì ṣe ipò kejì. Jíjẹ ẹran lemọ́lemọ́ àti àìjẹ ẹ̀fọ́ tó pọ̀ tó tún wà lára àwọn ohun tí wọ́n tọ́ka sí.

Ìwádìí mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ àìsàn ìgbàgbé ló gbé e dìde, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà náà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí a ṣe ń gbé ayé àti ohun tí à ń jẹ ní ipa tó pọ̀. Ẹni tó ti fi oko sílẹ̀, tó ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, tó sì ń jẹ oúnjẹ díndín lójoojúmọ́, kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìlera tí bàbá rẹ̀ àgbà ní.

Nọ́ńbà mẹ́rin inú àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀

Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń ṣe máa ń ní nọ́ńbà mẹ́rin. Ìwọ̀n tí a kọ síhìn-ín wà fún àgbàlagbà ní gbogbogbòò. Dókítà lè fẹ́ kí ti aláìsàn kan kéré sí i.

Àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù: ó dára kí ó má tó 200 mg/dL, èyí tí í ṣe 5.2 mmol/L.

LDL: ó dára kí ó má tó 100 mg/dL, èyí tí í ṣe 2.6 mmol/L. Ẹni tó ti ní ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ rí gbọ́dọ̀ mú un wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

HDL: kò yẹ kí ó dín sí 40 mg/dL fún ọkùnrin, tàbí 50 mg/dL fún obìnrin.

Triglyceride: ó dára kí ó má tó 150 mg/dL, èyí tí í ṣe 1.7 mmol/L.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kì í wọn LDL ní tààrà. Ìṣirò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. William Friedewald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé ìṣirò náà jáde ní 1972: a ó mú àpapọ̀, a ó yọ HDL kúrò nínú rẹ̀, a ó sì tún yọ ìdá kan nínú márùn-ún triglyceride kúrò. Bí triglyceride bá ju 400 mg/dL lọ, ìṣirò yìí kò ṣeé gbára lé mọ́, a sì ní láti wọn LDL ní tààrà tàbí kí a tún àyẹ̀wò ṣe.

Àpẹẹrẹ ènìyàn méjì

Ẹ jẹ́ kí a mú ènìyàn méjì tí àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn jẹ́ 220 mg/dL.

Ẹni kìíní ní HDL 75 àti triglyceride 75. LDL rẹ̀ jẹ́ 220, a yọ 75, a yọ 15, ó ku 130.

Ẹni kejì ní HDL 35 àti triglyceride 250. LDL rẹ̀ jẹ́ 220, a yọ 35, a yọ 50, ó ku 135.

Àpapọ̀ wọn dọ́gba, LDL wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó sì lè dà bí ẹni pé ewu kan náà ló wà lórí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ yọ HDL kúrò nínú àpapọ̀ kí ẹ wo ohun tó kù. Ti ẹni kìíní jẹ́ 145; ti ẹni kejì jẹ́ 185. Nọ́ńbà tó kù yìí ni gbogbo kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó wà nínú àwọn ẹyọ tó lè ba iṣan jẹ́. Ẹni kejì ló yẹ kí dókítà túbọ̀ mójú tó. Ìṣirò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ lè fi pẹ́ńsù ṣe é lórí ìwé àbájáde yín. Ó dára kí nọ́ńbà náà má tó 130 mg/dL.

Àyẹ̀wò méjì tó jinlẹ̀ sí i

ApoB. Ẹyọ LDL kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ purotéènì ApoB kan ṣoṣo lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni VLDL àti Lp(a). Nítorí náà, bí a bá wọn ApoB, iye ohun ìrìnnà tó wà lójú ọ̀nà gan-an ni a kà, kì í ṣe ìwọ̀n ẹrù. Ó wúlò fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó sanra ní ikùn, àti ẹni tí triglyceride rẹ̀ ga, nítorí pé LDL irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dà bí èyí tó dára nígbà tí àwọn ẹyọ kéékèèké kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Lp(a). Àjogúnbá ni ìwọ̀n rẹ̀. Oúnjẹ àti eré ìdárayá kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ó sábà máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí orísun wọn jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ. Nítorí pé kì í yí padà púpọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan láyé tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ó bá ju 50 mg/dL tàbí 125 nmol/L lọ, a kà á sí èyí tó ga. Kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé a gbọ́dọ̀ túbọ̀ mú LDL wálẹ̀, kí a ṣàkóso ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a má mu sìgá, kí àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bíbí inú ẹni náà sì lọ ṣe àyẹ̀wò.

Nígbà tí ó bá jẹ́ àjogúnbá

Bí LDL àgbàlagbà bá tó 190 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà gbọ́dọ̀ ronú pé ó lè jẹ́ àjogúnbá. Nínú irú ipò yìí, ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí LDL gbà wọ inú ẹ̀dọ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìgbà ìbí. Michael Brown àti Joseph Goldstein ló ṣàwárí ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1985. Bí òbí kan bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí ní ìdá kan nínú méjì ànfààní láti jogún rẹ̀. Tín-ín-rín tàbí sísanra kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè ní in. Oògùn wà fún un, bí a bá sì tètè bẹ̀rẹ̀, ènìyàn lè gbé ayé pẹ́.

Bí a ṣe ń múra sílẹ̀

Bí dókítà bá ní kí ẹ gba ààwẹ̀, ẹ má ṣe jẹ ohunkóhun fún wákàtí 9 sí 12 kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ lè mu omi lásán. Láti 2016 ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù ti fohùn ṣọ̀kan pé ààwẹ̀ kò pọn dandan fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí triglyceride bá ga púpọ̀, ẹ ó tún un ṣe pẹ̀lú ààwẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó gba ààwẹ̀, kí ṣúgà rẹ̀ má baà wálẹ̀ jù.

Ẹ má ṣe mu ọtí ní ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, nítorí ó ń gbé triglyceride sókè.

Bí ibà tàbí àìsàn líle bá ń ṣe yín, ẹ sún un síwájú di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ara bá yá. Àìsàn líle máa ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀, àbájáde á sì tan yín jẹ. Oyún ní tirẹ̀ máa ń gbé e sókè.

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn, títí kan àgbo àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gún ìka nìkan. Ó wúlò fún àyẹ̀wò kíákíá, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn kì í sọ ju àpapọ̀ lọ. Bí ohun tó fi hàn kò bá dára, ilé àyẹ̀wò ni kí ẹ lọ kí wọ́n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ẹnubodè gidigidi. Ilé àyẹ̀wò kan lè kọ àbájáde ní mg/dL, òmíràn ní mmol/L. Ẹni tó bá sì kọjá sí ilẹ̀ Benin láti ṣe àyẹ̀wò lè rí i pé g/L ni wọ́n kọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù 200 mg/dL ni 5.2 mmol/L, òun náà ni 2.00 g/L. Ẹni tó rí 2.4 g/L, tó sì rò pé ó kéré sí 5.2, ti ṣi í kà. 240 mg/dL ni, ó sì ga. Nítorí náà, ẹ máa wo àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà kí ẹ tó fi àbájáde méjì wé ara wọn.

Àwọn tó yẹ kó ṣe é àti ibi tí wọ́n lè lọ

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìsàn kíndìnrín tàbí kòkòrò HIV, ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí, àti ẹni tí bàbá tàbí arákùnrin rẹ̀ ní ìkọlù ọkàn kí ó tó pé ọdún 55, tàbí tí ìyá tàbí arábìnrin rẹ̀ ní in kí ó tó pé 65, kò gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò yìí falẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń rí sí àìsàn ọkàn ní Amẹ́ríkà gba àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le níyànjú pé kí ó máa ṣe é ní ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà síra, láti ẹni ogún ọdún.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, wọ́n á sì darí yín. Ilé Ìwòsàn Ìjọba wà ní Ìlaròó. Fún ìtọ́jú tó ga jù, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ló ń ṣe ApoB àti Lp(a). Àwọn kan máa ń gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ béèrè iye owó àti ọjọ́ tí àbájáde yóò jáde kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ ilé àyẹ̀wò aládàáni, ẹ rí i pé ó ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Àyẹ̀wò Ìṣègùn ti Nàìjíríà. Ẹni tó ní ìbánigbófò ìlera kí ó béèrè bóyá ó kó àyẹ̀wò náà mọ́ra.

Lẹ́yìn àbájáde

Àyẹ̀wò kan kì í sábà tó láti dájọ́. Dókítà lè ní kí ẹ tún un ṣe. Bí ó bá kọ oògùn statin fún yín, wọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí méjìlá. Bí nọ́ńbà náà bá ti wálẹ̀ nígbà náà, ẹ má ṣe dá oògùn dúró. Oògùn náà ló mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò tún gòkè. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso, dídín ẹran ọlọ́ràá kù, rírìn déédéé àti yíyẹra fún sìgá ń ṣe ìrànwọ́ pẹ̀lú oògùn.

Nígbà tí ẹ bá wà níwájú dókítà, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí: Mélòó ni LDL mi, ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n ni tàbí wọ́n ṣírò rẹ̀? Mélòó ló kù bí a bá yọ HDL kúrò nínú àpapọ̀? Ṣé ó yẹ kí n ṣe ApoB tàbí Lp(a)? Mélòó ni ó yẹ kí LDL tèmi jẹ́? Ta ni nínú ẹbí mi ló tún yẹ kí ó wá?

Ẹ tọ́jú ìwé àbájáde kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ bá padà lọ. Ìwé ọdún tó kọjá ni yóò jẹ́ kí dókítà mọ̀ bóyá ewu ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀.